Àpọ́n Kò Ní Rí Ìyàwó Fẹ́ Mọ́

                                                            Ilé Àkójọ Ewé Gbígbẹ,
                                                            Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                                            Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Ayàwòrán mi, ọ̀rẹ́ tó di ọmọ ìyá,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú àárò wa. O kú ìtọ́jú ilé, o sì kú ìtọ́jú ọkọ wa, ẹni tí kò mọ ibi tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wà bí o bá jáde fún wákàtí kan péré. Ṣé orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé àkọ́bí ti ríṣẹ́, àbí ó ṣì ń sùn títí oòrùn á fi kàn án lórí? Àbíkẹ́yìn ńkọ́, ṣé ó ti jáwọ́ nínú kó máa yàwòrán sára ògiri? Bí kò bá tíì jáwọ́, má nà án, ẹni bíni là á jọ. Èmi náà wà níbí. Mò ń jẹ, mò ń mu, mò ń wọlé, mò ń jáde, ṣùgbọ́n mi ò lè pè é ní àlàáfíà.

Lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé o ti bú mi tán. Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò kì í jẹ́ kí lẹ́tà rẹ sùn mọ́jú láìfèsì. Kì í ṣe iṣẹ́ ló dí mi lọ́wọ́, kì í sì í ṣe àìsàn. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì fa gbogbo rẹ̀ ya. Mo ṣẹ̀ ọ́, ọ̀rẹ́ mi, kì í sì í ṣe òní ni mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, bí o bá wà lórí ìdúró, wá ibì kan jókòó kí o tó máa kà á lọ.

O bèèrè bóyá Àpọ́n ti rí ìyàwó. O ṣì rántí bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí bàbá tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ omi wá fẹjọ́ igi sùn ní ọ́fíìsì wa. Ó ní òdòdó igi kan lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ ń dí gọ́tà, pé kí a wá sọ irú igi tó jẹ́ fún òun kí òun tó gé e dànù. A lọ, a ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá náà wá, kò mọ̀ ọ́n. A tú gbogbo ìwé, kò sí nínú ọ̀kankan. Nígbà tí a wá la òdòdó rẹ̀, a rí i pé akọ ni gbogbo wọn, lẹ́búlẹ́bú ló kún inú wọn, kò sí èyí tó lè di èso láéláé. Irú igi tí akọ ń dá dúró tí abo ń dá dúró ni, bíi ti ìbẹ́pẹ. Ìwọ lo wò ó lókè wò ó nílẹ̀ tí o ní, “Àpọ́n rèé, ẹ jẹ́ ká bá a wáyàwó.” Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì sọ àdá sílẹ̀. Látìgbà náà la ti ń wá abo rẹ̀. Kò sí igbó tí a ò wọ̀, kò sí etí odò tí a ò rìn.

Ó dára, Àpọ́n ṣì dúró, ṣùgbọ́n ìdúró aláìsàn ni. Bí o bá rí i báyìí, o ò ní gbà pé òun ni igi tí o fi ọjọ́ mẹ́sàn-án yà kí o tó kó lọ bá ọkọ wa níbi iṣẹ́ tuntun rẹ̀. Èèpo rẹ̀ tó máa ń bó pẹlẹbẹ, tí abẹ́ rẹ̀ máa ń pọ́n yòò, ti dúdú, ó sì ń ṣomi. Ìdin ti wọ inú rẹ̀. Bí mo bá fi etí lé e lára, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ẹni tó mọ̀ nípa àìsàn igi wá láti ọ̀nà jíjìn, ó fi òòlù kàn án lára níbi mẹ́fà, ó tẹ́tí, ó sì mi orí. Ó ní kò ní rí òjò ọdún kẹta. Mo bá a jiyàn bí ẹni pé òun ló fi ìdin síbẹ̀. A ti gé ẹ̀ka méjìlélógójì lára rẹ̀, a rì wọ́n mọ́lẹ̀ nínú iyanrìn tútù, a fi ọ̀rá bo òmíràn, a lẹ òmíràn mọ́ ara igi tó fara jọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ló jẹrà. Ká tiẹ̀ ní ọ̀kan yè níbẹ̀, akọ náà ni yóò jẹ́. Kí la fẹ́ fi àpọ́n méjì ṣe?

Síbẹ̀ náà, ó tún tanná lóṣù tó kọjá. Ewé mẹ́ta mẹ́ta ṣì ń jáde lójú kan náà, òkè rẹ̀ ń dán, abẹ́ rẹ̀ ní irun wẹ́wẹ́ tó pọ́n bí irin tó dípẹtà. Òdòdó rẹ̀ so ní ṣùgbù ní orí ẹ̀ka, gẹ́gẹ́ bí o ṣe yà á, ewé òdòdó márùn-ún, ìkọ̀ọ̀kan kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Òórùn ọṣẹ tuntun ni wọ́n ń ta. Wọ́n là láàárọ̀, wọ́n wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ kẹta wọ́n ti kún gọ́tà. Bàbá ẹ̀rọ omi ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wá gbá wọn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí mò ń sá fún rèé. Ní ìparí lẹ́tà rẹ, lẹ́yìn ìròyìn ehín ọmọ àti ìjà ìwọ pẹ̀lú onílé, o kàn bèèrè bí ẹni ń ṣeré pé kí ni mo ṣe sí ẹ̀ka igi kan tí o gé létí odò, lọ́dún tí mọ́tò wa rì sínú ẹrẹ̀. O ní bí o ṣe ń to àwọn àwòrán àtijọ́ rẹ, òrùka ọrùn ewé Àpọ́n ṣàdédé rán ọ létí rẹ̀. Nígbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Ayàwòrán ti tún gbé tirẹ̀ dé, ìjà ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn ni kò tíì gbàgbé.

Nítorí a jà lóòótọ́. O gé ẹ̀ka náà lára igi kan tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, o gbé e wá bá mi, o ní kì í ṣe igi tó wọ́pọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ o, pé kí n wo ọrùn ewé rẹ̀, ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, pé òrùka kékeré kan yí i po. Èmi ò wò ó. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa níṣẹ́ yìí: òdòdó la fi ń dájọ́, ewé máa ń tanni jẹ. Òdòdó tìrẹ yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lára igi gan-an, kì í ṣe ní orí ẹ̀ka, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti èyí tó wọ́pọ̀ ṣe máa ń yọ. Mo ní ẹjọ́ ti parí. O ní kò parí. Mo ní ta ló kàwé nínú èmi àti ìwọ, àbí ẹni tó ń ya ewé ló fẹ́ wá máa sọ orúkọ rẹ̀ fún mi? Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, níwájú dírẹ́bà. Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn, àfi ìgbà tí mo dé iwájú kọ́bọ́ọ̀dù láti wá ẹ̀ka rẹ ló tó padà wá bá mi.

Kọ́bọ́ọ̀dù kejìdínlógún ni, níbi tí a kó igi tó wọ́pọ̀ yẹn sí. Páálí tí a lẹ ẹ̀ka rẹ̀ gbígbẹ mọ́ tó igba ó lé, ta ní í máa yẹ ohun tó wọ́pọ̀ wò? Mo kó wọn sílẹ̀, mò ń ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mò ń kọrin lábẹ́nú. Tìrẹ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀ka kan, ewé mẹ́sàn-án, mẹ́ta mẹ́ta lójú kan. Pẹlẹbẹ èèpo igi kan pẹ̀lú òdòdó méjì lára rẹ̀. Àpò bébà kékeré kan tí èso kan wà nínú rẹ̀. Ní igun páálí, o fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ wínníwínní pé: “Kì í ṣe èyí. Ẹ wo ọrùn ewé.” Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo fi yíǹkì dúdú kọ tèmi: “Kò sí ìyàtọ̀.” Mo tún fàlà sí i nídìí. Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ ọwọ́ ara mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Mo sáré lọ já ewé kan lára Àpọ́n, mo gbé méjèèjì sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Òrùka kan náà. Irun wẹ́wẹ́ kan náà. Èèpo kan náà tó ń bó pẹlẹbẹ. Ìyàwó Àpọ́n ni! Mo pariwo débi pé Ọ̀gá jáde láti yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ó rò pé ejò ni. Mo gbá a mọ́ra, tíì sì dà sí wa lára. Ní ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó láyọ̀ tó mi láyé. Mo rò ó pé ibi tí a ti gé e wà lára páálí, pé a ó lọ síbẹ̀, a ó gba lẹ́búlẹ́bú lára Àpọ́n, a ó gbé e lọ bá ìyàwó rẹ̀, Àpọ́n yóò sì bímọ kó tó kú. Mo tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kan sí ọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun ni èyí tí mo kọ́kọ́ fà ya.

Ní ọjọ́ kejì, èmi pẹ̀lú dírẹ́bà lọ. Wákàtí kan àbọ̀ péré ni. Wákàtí kan àbọ̀, láti ìdí Àpọ́n dé ibẹ̀! Odò náà ti di gọ́tà oníkọnkéré. Ibi tí o ti gé ẹ̀ka ti di àgbàlá ilé ìkó-sìmẹ́ńtì-sí, ilẹ̀ rẹ̀ le, ó funfun, ọkọ̀ ńlá ń wọlé, ọkọ̀ ńlá ń jáde. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń ṣọ́ géètì. Mo ṣàpèjúwe igi náà fún un, mi ò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tó fi ní òun mọ̀ ọ́n, abẹ́ rẹ̀ ni òun máa ń gbé àga sí. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n gé e. Ó ní, “Kò tíì pẹ́, màdáámú. Ọdún mẹ́rin.”

Ọdún mẹ́rin! Mo ní kó tún un sọ. Ó ní ọdún mẹ́rin, ọdún tí wọ́n mú ilẹ̀ fẹ̀ sí i. Ó ní igi kan tó jọ ọ́ wà ní òdìkejì odò nígbà kan, mo mọ̀ pé akọ rẹ̀ nìyẹn, wọ́n ti gé ìyẹn tipẹ́ nígbà tí wọ́n ń mọ ògiri. Látìgbà náà, lọ́dọọdún, òdòdó á bo ara èyí tó kù láti ìdí títí dé ibi tí ọwọ́ ò tó, á sì re dànù. Òun ò tún rí èso lára rẹ̀ mọ́. Bá mi ṣírò rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá la ti mọ Àpọ́n. Ọdún méje gbáko ni àwọn méjèèjì jọ ń tanná, tí ìkan ń da lẹ́búlẹ́bú sínú gọ́tà, tí ìkejì ń da òdòdó sílẹ̀ fún ìgbálẹ̀, tí èmi sì ń wọ bàtà igbó káàkiri pé mò ń wá ìyàwó, nígbà tí ìyàwó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀. Dírẹ́bà ló mú mi padà sínú ọkọ̀. Ọkùnrin dáadáa ni.

O ó sọ pé èso ńkọ́, kóró ńkọ́. Ohun tí èmi náà sọ nìyẹn. Kóró mẹ́fà ló wà nínú àpò bébà yẹn. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ohun tí à ń ṣe sí gbogbo ohun tó bá wọ ilé yìí. Ọjọ́ méjì nínú ẹ̀rọ tó ń mú ewé gbẹ, kó gbóná janjan, lẹ́yìn náà a ó rì í sínú oògùn apakòkòrò, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ta ló rì í? Ọwọ́ ta ló wà lára páálí? Síbẹ̀, obìnrin tó ń tọ́jú irúgbìn lẹ́yìn ọ́fíìsì gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. Ó rẹ wọ́n sómi, ó gbìn wọ́n sínú ike mẹ́fà, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ láràárọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo retí fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ó pè mí, ó hú wọn, ó fi abẹ là wọ́n lójú mi. Ekuru ló wà nínú wọn. Wọ́n máa ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ní tiwa yìí, agbè gan-an ló fọ́. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ohun tó wá ń pa mí lára jù ni pé inú Ọ̀gá ń dùn. Ó ní àpèjúwe wa ti pé: a ní akọ, a ní abo, a ní èso, a ní kóró, pé igi tí kò sí nínú ìwé kankan yóò wọ ìwé báyìí. Kì í ṣe èèyàn burúkú, bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn. Ó ní kí n máa kọ ọ́, mo sì ń kọ ọ́. Mo kọ gíga rẹ̀, mo kọ èèpo rẹ̀, mo ka irun abẹ́ ewé. Níbi tí a ti ń kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dá a mọ̀, orúkọ rẹ ni mo kọ. Ọ̀gá ní orúkọ mi ló yẹ níbẹ̀, mo ní ká má ri. Níbi tí a ti ń kọ iye tó kù, mo kọ ọ́ pé: ọ̀kan, akọ, ó ń ṣàìsàn. Ọ̀gá ní kí n fi “bóyá òmíràn ṣì wà níbòmíràn” kún un, pé àwọn èèyàn máa ń fẹ́ ìrètí díẹ̀. Mo ní mi ò kọ ọ́. Mo ti fi yíǹkì kọ ohun tí mi ò wò dáadáa rí, ojú mi sì ti rí i.

Mi ò ní kí o dárí jì mí. Gbogbo ọlọ́gbọ́n ayé pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀, mi ò sì rò pé ìwọ ni yóò rí i. Bí o bá fẹ́ bú mi, kọ ọ́ kó kún ojú ìwé mẹ́wàá, mo máa kà á tán.

Bá mi kí ọkọ wa, má tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un bí o bá mọ̀ pé yóò pè mí, mi ò lè sọ ọ́ lẹ́nu. Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì bá mi fẹnu ko àbíkẹ́yìn lẹ́nu. Dírẹ́bà kí ọ. Bàbá ẹ̀rọ omi ní kí n kí “ìyá tó sọ igi lórúkọ”. Mi ò tíì lè sọ fún òun náà.

Ó ku ohun kan ṣoṣo. Òdòdó abo tó wà lórí páálí ti dà bíi tábà, bí gbogbo òdòdó ṣe ń rí bí ó bá gbẹ. Ó yẹ kí a kọ àwọ̀ tó ní nígbà tó wà láàyè sínú àpèjúwe. Lọ́jọ́ tí a gé e, èmi ló yẹ kí n kọ ọ́ sára páálí, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mo kàn fa ìlà gbọọrọ síbẹ̀. Mo bi bàbá ẹnu géètì, ó ní òun ò wo àwọ̀ rẹ̀, òun kàn ń gbá a ni. Mo dijú, mo wá a nínú ọkàn mi láti ìdájí, mi ò rí nǹkan kan. Mo dúró níwájú rẹ̀, mi ò wò ó. Ìwọ nìkan lo wò ó, kò sì sí ẹlòmíràn láyé mọ́ tí mo lè bi. Mo ti fi àlàfo sílẹ̀ nínú ìwé, kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ọ̀rẹ́ mi, kí ni àwọ̀ rẹ̀?

                                                            Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ, bí o bá ṣì ń fẹ́ bẹ́ẹ̀,
                                                            Òǹkọ̀wé Yàrá Kẹta.